Ojú Kan Ṣoṣo Ló Ṣá

Nígbà òjò, kò sẹ́ni tó ń jí Ìyá Alágbòjò. Ara rẹ̀ ló ń jí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ti to ẹ̀mú, wáyà, abẹ́rẹ́ àti òwú sórí tábìlì, ó ń retí àwọn tí atẹ́gùn ti yí agbòjò wọn sódì lójú ọ̀nà. Títún agbòjò ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ sì ni kó tó di tirẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn méjèèjì fi jọ jókòó sínú ìsọ̀ kan náà, ìsọ̀ tó jẹ́ pé bí èèyàn méjì bá na ẹsẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á kanra.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni a wà yìí. Òjò ti dá láti oṣù méjì sẹ́yìn, oòrùn sì ń ṣe bó ṣe wù ú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé báyìí, Ìyá Alágbòjò á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo àjà. Ó mọ àjà náà dunjú. Omi ti jò síbẹ̀ rí, ó sì fi àmì kan sílẹ̀ tó dà bí etí ẹlẹ́dẹ̀. Yóò máa wo etí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn títí ìmọ́lẹ̀ á fi gba ojú fèrèsé wọlé bá a.

Tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ tó máa ń pariwo mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í gùn lójú ìyá yẹn. Ó ní eré kan tó máa ń ṣe. Bí agbòjò kan ṣoṣo bá wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mú kàn án àfi bí òun bá ti kà á. Bó ṣe ń pè é nìyẹn, kíkà. Á gbé e yí po, á fi ìka tọ́ ọ̀pá rẹ̀, á fi imú sí i, á wá ní, “Ọkùnrin ló ni ín. Ó ga. Kò fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀.”

“Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ ti ìyàwó?”

“Wo ibi tó gbó sí. Orí ara rẹ̀ nìkan ló ń bò.”

Bí ẹni tó ni ín bá wá gbà á, wọ́n á fọgbọ́n bi í léèrè, bó bá sì lọ tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wọ́n. Ìyá náà kú nígbà òjò tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀ máa dá wà nínú ìsọ̀ nìyí, kò sì ka nǹkan kan látìgbà náà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Àràárọ̀ ló ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi! Ọjọ́ tuntun ti mọ́! Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́! Ẹ gbójú sókè!”

“Mo gbójú sókè,” ni Ìyá Alágbòjò máa ń dá fóònù lóhùn, láìtẹ nǹkan kan. “Etí ẹlẹ́dẹ̀ ni mo rí.”

Bí àbúrò yìí ṣe máa ń sọ ọ́, àfi bí ẹni pé inú àpò ni ayọ̀ wà, tí èèyàn kàn gbàgbé láti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá Alágbòjò ti ki ọwọ́ bọ àpò. Òwú ló wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí àbúrò náà sọ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn ni pé kí ẹ̀gbọ́n òun ti ìsọ̀ náà pa, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Yàrá wà. Ìyá Alágbòjò gbà, nítorí pé kò ní okun láti kọ̀. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń wá àyè tó fẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ parí: lọ́jọ́ Ẹtì, yóò fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, oòrùn ti ga kó tó dé ìsọ̀. Atúnfóònùṣe yọrí. Ọkùnrin tó sanra ni, tó máa ń fi awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú ọ̀tún, kì í sì í yọ ọ́ bó bá ń jẹun pàápàá.

“Màmá, ẹ káàárọ̀. Àbí kí n kúkú ní ẹ káàsán?”

“Èyí tó bá wù ọ́ ni kó o kí.”

“Wọ́n gbé nǹkan wá fún yín, wọn ò bá yín.”

Ó na agbòjò kan sí i. Ó tóbi tó ìlọ́po méjì èyí táwọn èèyàn ń mú rìn, ọ̀pá rẹ̀ gùn, ó sì tọ́ gbọnrangandan, kò tẹ̀ kọrọdọ nísàlẹ̀. Ìhà rẹ̀ méjì, ìyẹn irin tó ń na aṣọ rẹ̀, ti kán.

“Ta ló gbé e wá?”

“Obìnrin kan.”

“Irú obìnrin wo?”

“Obìnrin ṣáá ni. Ó wọ bàtà.”

“Ó wọ bàtà! O ṣeun. Mo ti mọ̀ ọ́n.”

“Màmá, mo ń bá fóònù kan jà lọ́wọ́ ni! Ó ní òun ń bọ̀ wá gbà á lọ́jọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá tètè dé, ṣebí ẹ̀ bá ti fojú ara yín rí i.”

Ó jókòó, ó ṣí agbòjò náà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Agbòjò máa ń ní ojú mẹ́jọ, ìyẹn aṣọ onígun mẹ́ta mẹ́jọ tí wọ́n rán pọ̀. Méje nínú ojú eléyìí dúdú kirikiri, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ìkẹjọ ti ṣá. Kì í ṣe pé ó ṣá díẹ̀ o. Ó ti di àwọ̀ eérú, òwú rẹ̀ sì ń já fúnra rẹ̀ bó ṣe fọwọ́ kàn án. Òjò kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá gbé agbòjò rìn á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, á pa á dé, á tún un ṣí. Ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló máa ń gbó pọ̀. Kí ló wá mú ọ̀kan yìí, tó fi méje sílẹ̀?

Ó yí i wò. Lára ọ̀pá, ẹnì kan ti fi òwú pupa dì í yí po, ní ibi tí àtàǹpàkò máa ń sinmi sí. Erùpẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìdí ọ̀pá náà. Nínú lọ́hùn-ún, ọ̀dà yẹ́lò kán sí ìhà kan.

“Ta ló ni ọ́?” ló sọ jáde.

Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó lajú, etí ẹlẹ́dẹ̀ wà ní ipò rẹ̀. Ó wò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn: arúgbó ló ni ín. Arúgbó tó máa ń jókòó síwájú ilé rẹ̀ láràárọ̀, tó kọjú síbì kan náà. Ó dìde, ó wẹ̀, ó sì gba òpópónà kan tí kò gbà láti ìgbà pípẹ́, ó ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn èèyàn bí ẹni tó fẹ́ gba ilé. Níwájú ilé kan, ó bá bàbá aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó sórí àga, tí oòrùn àárọ̀ ń ta lù ú.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ní agbòjò ńlá kan?”

“Fún kí ni?”

“Fún oòrùn tó ń ta lù yín yìí.”

Bàbá wò ó bí aṣọ tí wọ́n gé kù. “Ìwọ ọmọ yìí. Bí oòrùn bá ń yọ mí lẹ́nu, ṣé agbòjò ni màá gbé ni, àbí àga? Àga ni màá gbé wọlé!”

“Òótọ́ ni, Bàbá.”

“Bí ìyá rẹ náà ṣe máa ń béèrè ìbéèrèkíbèérè nìyẹn. Máa lọ jàre.”

Ó yẹ kó dùn ún pé ohun tó rò kò rí bẹ́ẹ̀. Kò dùn ún. Ó ń rẹ́rìn-ín dé ìsọ̀, ó sì ròyìn rẹ̀ fún atúnfóònùṣe, tó sọ pé òun ò ráyè. Nígbà tó tó wákàtí kan, atúnfóònùṣe wọlé wá bá a pẹ̀lú awò lójú.

“Màmá, ẹni tó ń rìn ni. Ẹ gbọ́. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó kọjú sí ìlà oòrùn, iwájú rẹ̀ loòrùn wà. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, oòrùn tún wà níwájú rẹ̀. Ojú iwájú nìkan ló máa ṣá!”

Ìyá Alágbòjò wò ó. “Gbogbo ọpọlọ yìí wà lórí rẹ, o ò sì lè sọ fún mi bóyá obìnrin náà ga.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Nítorí náà, lọ́jọ́rú, kí oòrùn tó yọ, Ìyá Alágbòjò ti wà létí ọ̀nà tó lọ sápá ìlà oòrùn, agbòjò ńlá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rí irú àsìkò bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́. Bí oòrùn ṣe yọ sí wọn lójú báyìí ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan gbé sórí: ọ̀kan gbé ìwé ìròyìn, ọ̀kan gbé báàgì, obìnrin kan fi fáìlì bo iwájú orí. Kò sẹ́ni tó gbé agbòjò. Ó rí i, ṣùgbọ́n kò tíì rò ó síbì kan.

Ó wá ṣí agbòjò náà, ó gbé e rìn fúnra rẹ̀. Kó tó kọjá géètì kẹta, apá ti ń ro ó. Ó gbé e lé èjìká, ó tún wúwo. Ó fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀, ó dì í mú níbi òwú pupa yẹn. Ara tù ú lójú ẹsẹ̀. Ó yí ọwọ́ padà, ó fi ọwọ́ òsì dì í mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ bọ́ sórí òwú náà wẹ́kú.

“Kì í rìn,” ló sọ fún atúnfóònùṣe nígbà tó dé ìsọ̀. “Ó ń dúró ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó máa ń dúró pẹ́, kì í sì í yí.”

“Ta ló ń dúró sínú oòrùn tí kì í yí?”

“Ìyẹn ni mo ń bi ọ́.”

Ó ronú. “Sójà.”

“Sójà gbé agbòjò?”

“Bóyá ọ̀gá rẹ̀ ló ń bò!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé awò já bọ́ lójú rẹ̀. Bó ṣe ń wá a lábẹ́ tábìlì, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá, ti ọjọ́ Ẹtì o. Kápẹ́ńtà ń bọ̀ wá wọn ògiri láàárọ̀. Ẹ má gbàgbé kọ́kọ́rọ́.”

Ó ti gbàgbé. Láti ọjọ́ Ajé, kò rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà nínú àpò rẹ̀, ó sì tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. “Mo ti gbọ́,” ló sọ. Ó padà sórí iṣẹ́, ó yọ ìhà méjì tó kán, ó fi tuntun sí i, ó sì tú ojú tó ṣá kúrò, ó rán òmíràn sípò rẹ̀. Èyí tó tú, kò jù ú nù.

Lọ́jọ́bọ̀, òun ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní gbogbo òpópónà náà. Ó gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí obìnrin náà máa dé, bàtà rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí: bàtà ńlá aláwọ líle, tó ga dé agbedeméjì ojúgun, tí erùpẹ̀ bò. Àṣé òótọ́ ni atúnfóònùṣe sọ. Obìnrin náà ga, ó dé fìlà gbẹ̀ẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ sì dúdú ju ojú rẹ̀ lọ.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Agboòrùn mi ńkọ́?”

“Ó ti ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò ní í gbé e fún ọ.”

“Ẹ̀?”

“Àyàfi tó o bá dá mi lóhùn. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ó kọ ọ́ síbẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló sọ fún yín?”

“O máa ń dúró sójú kan.”

“Bẹ́ẹ̀ ni…”

“Kí lo ń ṣe níbẹ̀? Ta lò ń dúró de látàárọ̀ nínú oòrùn?”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Mi ò dúró de ẹnikẹ́ni! Ilẹ̀ la ń wọ̀n. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀nà sí, àwa la máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. A ní ẹ̀rọ kan, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, òun ló ń sọ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú. Bí oòrùn bá ta lù ú, á máa parọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n bò ó. Òwú yẹn, ọ̀gá mi ló so ó, kí ọwọ́ mi má baà máa yí, torí bí òjìji bá ń mì lórí ẹ̀rọ, kò ní ríran dáadáa.”

“Ẹ̀rọ lò ń bò?”

“Ẹ̀rọ ni.”

“Ìwọ fúnra rẹ wá ńkọ́?”

“Èmi ń jóná ni, Ìyá. Ẹ wo ọrùn mi.”

Atúnfóònùṣe ti yọrí sẹ́nu ọ̀nà. “Mo sọ fún yín! Mo ní ọ̀gá ló ń bò!”

“Ọ̀dà yẹ́lò inú rẹ̀ ńkọ́?” ni Ìyá Alágbòjò béèrè. Kò fẹ́ kó tán.

“Igi kéékèèké tí a máa ń kàn mọ́lẹ̀ ni a fi ń kùn, ká lè rí wọn.”

“Nígbà òjò wá ńkọ́?”

Ojú obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ òjò fún mi. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó parí nìyẹn. Wọ́n á kó wa sí ọ́fíìsì. Màá jókòó sórí àga, màá máa wo àjà.”

Ìyá Alágbòjò gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò rò ó rí pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń ka ọjọ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

“Kí ló wà lára àjà náà?”

“Ẹ̀?”

“Àjà ọ́fíìsì yín. Kí lò ń rí níbẹ̀?”

Obìnrin náà rò ó. “Omi jò síbẹ̀. Ó dà bí ọkọ̀ ojú omi.”

“Etí ẹlẹ́dẹ̀ ni tèmi.”

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tínú rẹ̀ bàjẹ́.

Ìyá Alágbòjò gbé iṣẹ́ náà fún un. “Irú wáyà wo ni mo bá lára rẹ̀ yìí? Ta ló bà á jẹ́ fún ọ tẹ́lẹ̀?”

“Ẹni tó ń tún bàtà ṣe ni.”

“Bàtà! O sì ń kọjá níwájú ìsọ̀ mi?”

“Ẹ̀ẹ̀rùn kẹta tí mo ti ń kọjá rèé. Pátákó yín ló ní agbòjò lẹ̀ ń tún ṣe. Mo rò pé àwọn kékeré tòjò yẹn nìkan ni, àfi ìgbà tí oníbàtà rán mi wá sọ́dọ̀ yín. Tèmi kì í ṣe agbòjò, agboòrùn ni.”

“Nǹkan kan náà ni!”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èmi ò tíì gbé e nínú òjò rí.”

Nígbà tó lọ tán, Ìyá Alágbòjò bọ́ síta, ó gbójú sókè wo pátákó ara rẹ̀. A Ń TÚN AGBÒJÒ ṢE. Ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́, nínú oṣù tí òjò pọ̀ jù, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé wọn, agbòjò ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ayé ń wọlé wá sọ pé agboòrùn, agboòrùn, òun náà ń gbọ́, ṣùgbọ́n kó tó wọ etí rẹ̀ tán, ó ti di agbòjò. Ó rántí ìwé ìròyìn, ó rántí báàgì, ó rántí obìnrin tó fi fáìlì bo iwájú orí. Ìyá rẹ̀ tó lè ka agbòjò gbogbo ìlú kò ka pátákó ara rẹ̀.

Ó pariwo pe obìnrin náà padà. “Ọ̀dà yẹ́lò yẹn! Ṣé díẹ̀ lè kù?”

Nírọ̀lẹ́, obìnrin náà gbé agolo ọ̀dà kan wá, ó sì mú agboòrùn mìíràn dání láti ọ́fíìsì wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, atúnfóònùṣe dé pẹ̀lú kápẹ́ńtà rẹ̀, wọ́n bá Ìyá Alágbòjò lórí àpótí, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọ̀dà yẹ́lò ní imú.

“Màmá. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?”

“Wò ó fún mi. Ṣé ó tọ́, àbí ó wọ́?”

Ó wò ó. Lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ó ti kọ ọ́ gàdàgbà: ÀTI AGBOÒRÙN.

“Ó wọ́,” ló ní. “Màmá, kọ́kọ́rọ́.”

“Mi ò ní í fún ọ. Mo mọ̀ pé mo ti ṣèlérí. Má bínú. Bó bá sì wù ọ́ kó o bínú, máa bínú.”

“Mo ti pe kápẹ́ńtà!”

“Ó kúkú dáa. Ẹsẹ̀ tábìlì mi ń mì.”

Ọkùnrin náà yọ awò lójú, èyí tí kì í ṣe. “Ṣé nítorí iṣẹ́ obìnrin yẹn ni? Mélòó ló wà lọ́wọ́ wọn?”

“Mẹ́rin.”

“Mẹ́rin ò lè gbé yín la ẹ̀ẹ̀rùn já!”

“Mo mọ̀.”

“Kí wá ni?”

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí. Ó rò ó dáadáa, nítorí kò fẹ́ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. “Àárọ̀ mẹ́rin ni mo fi dìde nílẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ mọ nǹkan kan. Mo fẹ́ wò ó bóyá ó máa di márùn-ún.”

Atúnfóònùṣe kọ ẹ̀yìn sí i, ó wọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Kápẹ́ńtà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ tábìlì.

Fóònù dún. “Ẹ̀gbọ́n mi! Òní ni o! Ayé tuntun ń dúró dè yín! Ẹ gbójú sókè!”

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Ìyá Alágbòjò tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ó sì gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. “Àbúrò mi, mi ò bọ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ yàrá. Má fi ọ̀rọ̀ dídùn ránṣẹ́ sí mi mọ́, bi mí léèrè nǹkan. Èmi ni màá kọ́kọ́ bi ọ́: àjà yàrá rẹ, kí ló wà níbẹ̀?”

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Ó rò pé àbúrò òun ti bínú ni. Nígbà tó dé, ohùn náà kéré, kò sì pariwo rárá.

“Ìlà kan ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi iná, ó lọ dé igun. Mo ti rò pé ó ń gùn sí i. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mo máa ń wò ó?”

Ìyá Alágbòjò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́ padà. “Mú pẹ́ńsùlù. Fàmì síbi tó dé lónìí. Lọ́la, sọ fún mi bó bá ti kọjá àmì yẹn.”

Ó fi fóònù sápò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ó gbé agboòrùn kejì náà sórí tábìlì tí kò mì mọ́. Ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rẹ̀ gbó dọ́gba, kò sí òwú pupa. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọwọ́ tọ́ ọ̀pá rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ibi tí wọ́n ń dì mú rí págunpàgun. Ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Nǹkan kan ti ń gé e jẹ.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Atúnfóònùṣe ló dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì le, ṣùgbọ́n awò ti padà sójú ọ̀tún.

“Ẹ jẹ́ n wò ó,” ló ní, bí ẹni tí kò fẹ́. Ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. “Eyín ni.”

“Mo rí i pé eyín ni. Eyín ta ni?”